Wọ́n Ti Tú Abẹ̀bẹ̀ Yín

Ìyá mi ọ̀wọ́n, Ìyá Alábẹ̀bẹ̀ tí gbogbo agboolé ń pè,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá yín gbé níbi tí ẹ wà. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Abẹ̀bẹ̀ yín tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, èyí tí ẹ fi fọ́nrán pupa kan ṣoṣo yí etí rẹ̀ ká, wọ́n ti tú u. Kò jóná, eku kò jẹ ẹ́, olè kò jí i. Ọmọ kan ní kíláàsì mi ló jókòó tó tú u ní fọ́nrán fọ́nrán, títí tó fi di ewé gbígbẹ lásán. Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi, àmọ́ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, n kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí mọ́. Láàárọ̀, ìjọba ni. Lọ́sàn-án, ọ̀gá wa ní iléèwé ni. Bí mo bá kírun Àsárì tán, ẹ̀yin gan-an ni. Ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ohun tó bá ń dun ni là ń sọ jáde.

Ẹ mọ̀ pé kíláàsì karùn-ún ni mo ń kọ́ níbí ní Ìwó. Ohun tí n kò sọ fún yín rí ni pé tísà kan ṣoṣo ló ń kọ́ ọmọ kíláàsì kan ní gbogbo iṣẹ́: ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, ẹ̀kọ́ ìlera, gbogbo rẹ̀ pátá. Ìyẹn ò burú, wọ́n kọ́ mi níwọ̀nyẹn, mo sì mọ̀ wọ́n. Àmọ́ iṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí ẹnì kan láàárín wa tó kọ́ iṣẹ́ ọnà rí, látorí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń lu aago. Ìwé ìlànà tí wọ́n kó fún wa ní kí ọmọ kíláàsì karùn-ún lè ya àwòrán, kó lè po àwọ̀, kó lè fi amọ̀ mọ nǹkan, kó sì lè hun nǹkan. Ta ni yóò kọ́ ọ? Èmi. Èmi tí mo ya adìẹ sójú pátákó, tí àwọn ọmọ ń béèrè ibi tí ẹsẹ̀ méjì tó kù wà, torí ewúrẹ́ ni wọ́n pè é.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọ̀. Àwọn ọmọ mi ti há a sórí pé àwọ̀ mẹ́ta ni ìyá gbogbo àwọ̀: pupa, yẹ́lò àti búlúù. Wọ́n á kà á fún yín bí ẹní ka súrà, wọn ò ní ṣì í. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dà tó kún ṣíbí kan kò sí nínú kíláàsì náà. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó. Ìyá mi, mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ́ ọmọ ènìyàn ní pupa! Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni yẹ́lò àti búlúù máa dà tí a bá pò wọ́n, wọ́n á jọ ké pé àwọ̀ ewé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pò ó rí. Èmi náà ò pò ó rí.

Ní ọjọ́ kan wọ́n pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nítorí iṣẹ́ ọnà yìí kan náà. Inú mi dùn, mo ní ìrànlọ́wọ́ dé. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúró síwájú wa láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó ń ṣàlàyé bí iṣẹ́ ọnà ti ṣe ọpọlọ ọmọ lóore tó. Òótọ́ ló sọ, n kò jà á níyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fọwọ́ kan amọ̀ nínú wa lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó gé bébà, kò sí ẹni tó ya ìlà kan. Wọ́n fún wa ní míìtì-páì àti ìwé ẹ̀rí, wọ́n ní a ti di tísà iṣẹ́ ọnà. Mo fi ìwé ẹ̀rí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló ṣì wà.

Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ló wá dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ò lè gbàgbé ọ̀sẹ̀ yẹn, ọdún tiyín ni. Bí táàmù bá ti ń parí lọ, tí àwọn tísà bá ti ní kí ọmọ kálukú mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, ọ̀ọ̀dẹ̀ wa kì í gbèrò. Ìyá ọlọ́mọ kan á dé, òmíràn á dé, àwọn mìíràn á ti Ilé-Ogbó gun ọ̀kadà wá. Ẹ̀yin á jókòó sórí àpótí yín, abẹ́rẹ́ ńlá yẹn á há létí gèlè yín, poròpórò ọkà bàbà tí ẹ fi ń pa fọ́nrán ní pupa á máa hó lórí iná lẹ́yìnkùlé títí omi rẹ̀ á fi pọ́n dòdò. Mo ń rí yín báyìí. Ẹ ó mú fọ́nrán màrìwò gbígbẹ, ẹ ó fà á kọjá láàárín ètè yín kó lè rọ̀, ẹ ó tó tì í bọ inú iṣẹ́. Bí ẹ bá hun ún tán, ẹ kì í wo ojú abẹ̀bẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ń kọ́kọ́ yí wò. Bí ìlà kan bá wọ́ níbẹ̀, ẹ ó tú u láìwo ojú ẹni tó dúró dè é.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ á rà á, ọmọ á gbé e lọ síléèwé, tísà á fún ọmọ ní máàkì. Ta ló ni máàkì ọ̀hún? Ẹ̀yin ni. Ọdọọdún lẹ ń yege ní iléèwé tí ẹ kò jókòó kàwé nínú rẹ̀ rí. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀, tísà mọ̀, ọ̀gá iléèwé mọ̀, kò sì sí ẹni tó rò pé irọ́ ni à ń pa. Àṣà ni. Bí táàmù bá parí tán, àwọn tísà á pín abẹ̀bẹ̀ àti ìgbálẹ̀ láàárín ara wọn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Èmi náà yege. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, ẹ hun èyí tó ní etí pupa fún mi, wọ́n pè mí jáde lórí ìlà, wọ́n ní èmi ni mo gbé ipò kìíní nínú iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ní kí n gbé abẹ̀bẹ̀ náà padà wálé. Ẹ wà lẹ́bàá ògiri, ẹ ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ìdùnnú, gbogbo iléèwé rẹ́rìn-ín. N kò ti fọ́nrán kan bọ inú abẹ̀bẹ̀ náà, ìyá mi. Kì í ṣe pé n kò fẹ́. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo jókòó sẹ́yìn yín, tí mo kó àjákù màrìwò tí ẹ dà nù, tí mo ń gbìyànjú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ yíjú padà, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ lù mí lọ́wọ́ pẹ́ẹ́ bí ẹní ń lé eṣinṣin.

“Ọwọ́ kálámù ni tìẹ. Fi eléyìí sílẹ̀ fún àwa tí a ò ríwèé kà.”

Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ̀ pé kálámù ọ̀hún náà ló máa pa dà wá bá mi, tí á ní kí n wá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń hun abẹ̀bẹ̀. Ṣé ẹ rí nǹkan? Ọmọ Ìyá Alábẹ̀bẹ̀ ò mọ̀ ọ́n hun. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin ò tilẹ̀ gbìyànjú. Kí ló dé? Ṣé ẹ rò pé bí mo bá fọwọ́ kan màrìwò, ìwé á sá fún mi ni?

Lẹ́yìn tí a sin yín, abẹ̀bẹ̀ yẹn nìkan ni mo mú nínú ẹrù yín. Mo gbé e kọ́ sára ògiri kíláàsì mi, mo pè é ní ohun èlò ìkọ́ni, mo sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi, tiyín gan-an ni.

Nígbà tí iṣẹ́ híhun kàn wá ní táàmù yìí, mo kọ àkọsílẹ̀ sójú pátákó: ohun tí à ń pè ní híhun, ohun èlò híhun, àǹfààní híhun márùn-ún. Mo na ọ̀pá sí abẹ̀bẹ̀ yín lára ògiri. Ọmọ kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Ràfíátù. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ lọ́nà Kuta, kì í sọ̀rọ̀ àfi tí ọ̀rọ̀ bá ká a lára. Ó nawọ́ sókè, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ lára abẹ̀bẹ̀. Mo wo abẹ̀bẹ̀, mo wo ọmọ. Mo ní ìyẹn di kíláàsì kẹfà, kó jókòó. Irọ́ ni mo pa, ìyá mi. N kò mọ̀ ọ́n ni.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, a ti ibi eré wọlé, ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Omi wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì Ràfíátù. Fọ́nrán abẹ̀bẹ̀ yín ló kó sínú aṣọ tútù kó lè rọ̀, tó fi ọ̀rá wé, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ti pupa lọ́tọ̀, ti funfun lọ́tọ̀. Ojú mi ṣókùnkùn. Pàṣán mẹ́fà ni mo fún un, mo sì ń sunkún bí mo ṣe ń nà án. Mo bi í pé kí ni mo fi ṣe é. Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

“Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni mo ń wá, mà. Ẹ ò sọ ọ́ fún wa.”

Mo gbọ́ ọ, n kò sì gbọ́ ọ. Mo ní kó kó pàǹtírí náà kúrò níwájú mi. Pàǹtírí ni mo pè é, iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọwọ́ jọ, àwọn ọmọ mi gbé abẹ̀bẹ̀ wá lóríṣiríṣi. Okùn kan náà ni wọ́n fi so ọwọ́ gbogbo wọn, kókó kan náà, torí ìsọ̀ kan náà ní ọjà Odò-Ọ̀rì ni wọ́n ti rà wọ́n. Mo ń fún wọn ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Ràfíátù. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ yín wá. Ó ti hun ún pa dà. Àárín rẹ̀ wú, ó wọ́ sápá kan, fọ́nrán pupa tó yẹ kó wà létí ti há sí àárín, fọ́nrán méjì mìíràn ti kán tó fi òwú dúdú so pọ̀. Ibi tí ẹ̀yin ti bẹ̀rẹ̀ ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀, mo wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìgbà náà. Lọ́jọ́ yẹn n kò rí nǹkan kan àfi ohun tó bàjẹ́. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Ó kí mi, ó ní ẹ ṣé mà, ó lọ jókòó.

Ìyá mi, mo fún àwọn tó ra abẹ̀bẹ̀ ní mẹ́sàn-án, mo fún ẹni tó hun abẹ̀bẹ̀ ní mẹ́rin. Tísà iṣẹ́ ọnà nìyẹn o, tó gba ìwé ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Àlejò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ láti wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀gá wa tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n to abẹ̀bẹ̀ ọjà síwájú, wọ́n to ìgbálẹ̀ sẹ́yìn. Bí ọ̀gá ṣe dé ọ̀dọ̀ ti Ràfíátù, wọ́n ní kí ló ń ṣe níbí. Wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì, aṣọ funfun bò ó. Ẹsẹ̀, ìyá mi! Màrìwò tí ẹ fi ètè yín mú rọ̀. Mo wo ẹ̀yìn, Ràfíátù wà lórí ìlà, ó ń wo abẹ́ tábìlì. Kò sunkún. Ì bá sàn fún mi ká ní ó sunkún.

Àlejò wá dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, aṣọ rẹ̀ ń dán. Ó gbé èyí tó rẹwà jù nínú abẹ̀bẹ̀ ọjà, ó fẹ́ ara rẹ̀ díẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn ènìyàn ń pariwo pé a nílò tísà iṣẹ́ ọnà lọ́tọ̀ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wá wo èyí. Ó ní abẹ̀bẹ̀ yìí ti fi hàn pé tísà kíláàsì nìkan tó láti kọ́ ọ, òun á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tó ń gbé lọ. Ọ̀gá wa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn tísà pàtẹ́wọ́. Èmi náà ti gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́ kí n tó mọ ohun tí ọwọ́ mi fẹ́ ṣe.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo fa abẹ̀bẹ̀ yín jáde lábẹ́ tábìlì, mo gbọn eruku rẹ̀, mo gbé e sórí aṣọ funfun. Mo yíjú sí àwọn ọmọ. Mo ní kí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó gbé wá jáde síwájú, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ìlà náà gùn. Ràfíátù nìkan ló jáde. Mo wá sọ fún àlejò pé èmi tísà wọn náà ò jáde, torí n kò mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó kọ ìyẹn náà sínú ìwé rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má bínú, ìyá tòun náà ló ra ìgbálẹ̀ fún òun nígbà tòun, ó fọwọ́ gbá mi léjìká bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lọ mu nǹkan tútù. N kò mọ̀ bóyá ó kọ ọ́ tàbí kò kọ ọ́. Ọ̀gá wa ní tiwọn ò rẹ́rìn-ín. Ó di ọjọ́ kejì, kúẹ́rì ti wà lórí tábìlì mi: ṣàlàyé ìdí tí o fi dójú ti iléèwé níwájú àlejò. Wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé abúlé kan lẹ́yìn Kuta, níbi tí ọ̀kadà kì í fẹ́ lọ, ni wọ́n máa gbé mi lọ. Kí wọ́n gbé mi lọ. Ṣé ìdójútì ni pé mo sọ ọ́ ni, àbí pé ó rí bẹ́ẹ̀? Ẹ sọ fún mi, torí kò sí ẹni tí mo lè bi léèrè níhìn-ín.

Mo ti dáhùn kúẹ́rì náà. Mo kọ ọ́ pé lóòótọ́ ni mo dójú ti iléèwé, pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọ mẹ́sàn-án síwájú ohun tí ọmọ kò ṣe. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n fi ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí wa, bí kò bá tilẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ, kó máa yí iléèwé ká. Mo fọwọ́ sí i. Ọwọ́ kálámù ni tèmi, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kù wá le ju kúẹ́rì lọ. Mo pe Ràfíátù lẹ́yìn tí wọ́n lu aago ìparí, mo ní kó má bínú pé mo nà án. Kò mọ ibi tó máa wò, ọmọdé ò kúkú gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu tísà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kọ́ mi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní ọ̀sán àná a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, ó ti gé màrìwò tuntun wá, ó ti sá a gbẹ. Ó fà á kọjá láàárín ètè rẹ̀, ìyá mi. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ, kò rí yín rí láyé. Mo ní láti wo ojú fèrèsé fúngbà díẹ̀.

Ó béèrè ẹni tó hun ti àkọ́kọ́. Mo ní ìyá mi ni. Ó rò ó títí, ó wá béèrè pé kí ló dé tí ẹ ò fi kọ́ mi. Kí ni kí n dá ọmọ náà lóhùn?

Mo hun ún títí oòrùn fi wọ inú kíláàsì. Ìka mi ń ta mí, èékánná kan ti ya. Nígbà tí mo dé etí, mo gbé e sókè, inú mi dùn sí i gan-an, mo nà án sí i pé kó fún mi ní máàkì. Kò wo ojú rẹ̀. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Tísà, ẹ tú u.”

Mo tú u. Mo sì bi í léèrè ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ó fi hàn mí.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbogbo ayé.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ gba màrìwò lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ti pa dà mú un.